Ìràwọ̀ méjì, fọ́tò kan, kò sí ìwé: báwo la ṣe ń tọpasẹ̀ bàbá tó lọ ogun Bọ́má?

ỌmọÒṣogbo:
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà. Ìbéèrè ìdílé ni mo gbé wá. Àpótí kan wà nílé wa. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni ìràwọ̀ irin onígun mẹ́fà méjì, mẹ́dàlì róbótó méjì tó funfun bí fàdákà, àti fọ́tò ọkùnrin kan nínú aṣọ ṣọ́jà tí àmì kan wà ní èjìká rẹ̀. Kò sí ìwé kankan. Àyìnlá ni wọ́n ń pe bàbá nílé. Ohun tí ìdílé mọ̀ kò ju pé ó lọ ogun Hítílà, ó dé Bọ́má, ó sì padà wá. Níbo ni kí á ti bẹ̀rẹ̀?

Bàbá Mẹ́dàlì:
Ara irin gan-an ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ má tíì náwó ọkọ̀ lọ síbikíbi.

Ẹ mú mẹ́dàlì róbótó, ẹ fi awò tó ń mú nǹkan tóbi wo etí rẹ̀ yíká. Bí wọ́n bá fín nọ́ńbà, ipò àti orúkọ sí etí yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti ogun 1914 sí 1918, ìyẹn ogun Kamẹrúùnù tàbí ti Ìlà Oòrùn Áfíríkà. Ti Ogun Àgbáyé Kejì kì í ní orúkọ. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò fín orúkọ sí ara mẹ́dàlì tí wọ́n fún àwọn ọmọ ogun wa lẹ́yìn 1945. Nítorí náà, mẹ́dàlì yín lè sọ ibi tí wọ́n lọ, kò lè sọ ẹni tó lọ. Bí ẹnì kan bá ní òun yóò "ka orúkọ jáde" lára ìràwọ̀, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀.

Ìràwọ̀ ní àkọlé tó yí àárín rẹ̀ po. Àwọn mẹ́ta ló wọ́pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá. "1939–1945 Star" ni ti ẹni tó dé ojú ogun fún iye àkókò kan. "Africa Star" ni àwọn tó lọ Somalia àti Ethiopia ní 1940 sí 1941 gbà. Ẹni tó dúró ní Èkó tàbí Kàdúná kò lè gbà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Áfíríkà ló wà. "Burma Star" ni ti Bọ́má, tó ń jẹ́ Myanmar lónìí. Ẹ ṣọ́ra síbẹ̀ o: àwọn tó ṣiṣẹ́ ní Bengal àti Assam, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààlà Íńdíà, gbà á pẹ̀lú láàárín àwọn ọjọ́ kan. Ìràwọ̀ Bọ́má nìkan kò fi hàn pé ẹni náà yìnbọn.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ríbọ́ọ̀nù. Búlúù dúdú ni ti Bọ́má, pupa wà láàárín, ilà àwọ̀ ọsàn sì wà nínú búlúù méjèèjì. Àmọ́ ìdílé máa ń fi ríbọ́ọ̀nù ọ̀kan há ara èkejì nígbà tí ti tẹ́lẹ̀ bá gbó. Àkọlé ara irin ni kí ẹ gbà.

Méjì róbótó yẹn: bí kìnnìún bá dúró lórí ẹranko olórí méjì tó tẹ̀ mọ́lẹ̀, War Medal ni, ọjọ́ 28 lẹ́nu iṣẹ́ ti tó láti gbà á. Bí kìnnìún méjì bá fẹ̀gbẹ́ gbé igi kékeré kan tí adé wà lórí rẹ̀, Defence Medal ni. Méjèèjì wọ́pọ̀.

Sájẹ́ǹtì_Fẹ̀yìntì:
Àmì èjìká inú fọ́tò yẹn ló lówó lórí jù nínú gbogbo ohun tí ẹ kà. Ẹ ya á tóbi, ẹ gbé e wá síbí, ẹ bo ojú bàbá bí ẹ bá fẹ́.

Bí ó bá jẹ́ aláǹtakùn dúdú nínú róbótó yẹ́lò, dìfísọ̀n 81 ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ni, ìyẹn ẹgbẹ́ ogun ńlá tó ní bùrìgéèdì nínú, tí bùrìgéèdì sì ní bàtálíọ̀nù nínú. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní oṣù Kẹta 1943, wọ́n sì ti dé Íńdíà ní oṣù Kẹjọ ọdún kan náà. Bí ó bá jẹ́ ọ̀kọ̀ méjì tó gba inú òṣùká kọjá, dìfísọ̀n 82 ni. Òṣùká gan-an ni o, irú èyí tí àwọn ìyá wa ń dá sórí lọ sọ́jà. Àwọn aláàárù ló mú un dé ibẹ̀.

Bí ó bá sì jẹ́ ẹranko bíi kìnnìún tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé òrìṣà, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Chindit nìyẹn, àwọn tó ń jà lẹ́yìn àwọn ọ̀tá. Bùrìgéèdì 3 ti Nàìjíríà, ìyẹn bàtálíọ̀nù 6, 7 àti 12, ni wọ́n yọ kúrò lára dìfísọ̀n 81, tí wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú gbé lọ sẹ́yìn àwọn Japan ní 1944. Wọ́n pín bàtálíọ̀nù kọ̀ọ̀kan sí ọ̀wọ́ méjì, ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà: 39 àti 66 fún bàtálíọ̀nù 6, 29 àti 35 fún 7, 12 àti 43 fún 12. Bí ìdílé bá ní "nọ́ńbà" kan tí bàbá máa ń dá pè tí kò sẹ́ni tó mọ ohun tó jẹ́, ẹ fi wé ìwọ̀nyí.

Àdùkẹ́ Ìjẹ̀bú:
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀gbọ́n Sájẹ́ǹtì, ṣé òótọ́ ni pé orúkọ ogun ni wọ́n fi sọ àwọn bárékè Èkó?

Sájẹ́ǹtì_Fẹ̀yìntì:
Òótọ́ ni, àbúrò, ó sì ń ran olùwádìí lọ́wọ́ gan-an, torí ẹnu àwọn ará ilé ti yí orúkọ ibẹ̀ po. Arakan ní Àpápá jẹ́ orúkọ gbogbo agbègbè etí òkun Bọ́má tí dìfísọ̀n méjèèjì ti jà. Dodan ní Obáléndé, orúkọ ibì kan ní Arakan náà ni. Myhoung ní Yábàá ni Myohaung, ìlú tí wọ́n gbà ní oṣù Kìíní 1945. Letmauk ní Mọ́kọ́lá n'Íbàdàn, àti Kalapanzin òun Dalet ní Kàdúná, ọ̀nà tí dìfísọ̀n 82 rìn ní ìparí 1944 sí 1945 ni wọ́n tò sílẹ̀. Marda ní Yábàá àti Abalti ní Sùúrùlérè kì í ṣe Bọ́má rárá: Ethiopia ni, 1941.

Nítorí náà, bí ìyá àgbà bá sọ pé "ó jà ní Àbáltì", ẹ má sọ pé Sùúrùlérè ni ìyá ń sọ. Ẹ béèrè bóyá Africa Star wà nínú àpótí.

Kọ́pùrà_Àdúgbò:
Kí ló dé tí ẹ ń da ara yín láàmú? Ẹ kọ lẹ́tà sí Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n á gbé fáìlì bàbá jáde. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kì í ju ìwé nù.

Ìyá Ìwé:
Ọ̀gbẹ́ni Kọ́pùrà, ibi tí ọ̀pọ̀ ń ṣìnà sí nìyẹn. Fáìlì ẹnì kọ̀ọ̀kan tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń kó wọ National Archives, ibi tí wọ́n ń tọ́jú ìwé ìjọba àtijọ́ sí ní Kew ní Lọ́ńdọ̀nù, ti àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ni. Àwọn ọmọ ogun RWAFF, ìyẹn ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tí kì í ṣe ọ̀gá, ìlú wọn ni wọ́n ti ń tọ́jú ìwé wọn. Ẹni tó bá sanwó pé kí wọ́n wá fáìlì "Private Àyìnlá" ní Kew yóò gba lẹ́tà pé wọn kò rí i, owó rẹ̀ á sì ti lọ.

Ohun tó wà ní Kew ni ìwé ìtàn ojoojúmọ́ bàtálíọ̀nù. Ọ̀wọ́ fáìlì tí àmì rẹ̀ jẹ́ WO 172 ni ti Bọ́má, WO 169 ni ti Somalia àti Ethiopia. Fáìlì kan wà fún ẹ̀ka kan ní ọdún kan. Ẹ óò rí ibi tí wọ́n sùn, odò tí wọ́n là kọjá, iye ẹni tó kú àti ẹni tó fara pa. Orúkọ àwọn ọ̀gá òyìnbó pọ̀ nínú rẹ̀. Ti ọmọ ogun dúdú kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn, iye nìkan ni wọ́n máa ń kọ. Ẹ má sọkún lórí ìyẹn. Bí ẹ bá mọ bàtálíọ̀nù, ìwé yẹn á sọ ibi tí bàbá yín wà ní oṣooṣù.

Bí ẹ bá ní ará ní Peckham tàbí ibikíbi nítòsí Lọ́ńdọ̀nù, ẹ má ra ẹ̀dà láti ibí. Kí ó mú ìwé ìdánimọ̀ àti ẹ̀rí àdírẹ́sì lọ gba káàdì ònkàwé, ọ̀fẹ́ ni. Kí ó ti dá fáìlì tó fẹ́ yàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó tó lọ. Fóònù tirẹ̀ ni yóò fi ya fọ́tò ojú ìwé, wọn kì í gba owó ìyẹn. Kí ó máa ya nọ́ńbà ara èèpo fáìlì ṣáájú ojú ìwé àkọ́kọ́ nígbà gbogbo, kí ẹ má bàa ní ọgọ́rùn-ún fọ́tò tí kò sẹ́ni tó mọ fáìlì tó ti wá.

Ọmọ Ọ̀fà:
Nílé ńkọ́?

Ìyá Ìwé:
National Archives ti Ìbàdàn wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ mú lẹ́tà ìfinihàn àti káàdì ìdánimọ̀ dání, kí ẹ sì béèrè iye owó wíwọlé àti ti ẹ̀dà kí ẹ tó rìn, torí ó máa ń yí padà. Kì í ṣe orúkọ bàbá ni ẹ óò kọ́kọ́ wá níbẹ̀ o, ìlú ni. Ìwé ìjọba ìgbà náà wà ní ìpín ìpín: Oyo Prof kó Ìbàdàn àti agbègbè Ọ̀ṣun mọ́ra, Abe Prof ni Abẹ́òkúta, Ije Prof ni Ìjẹ̀bú, Ondo Prof ni Oǹdó àti Èkìtì, Comcol sì ni Èkó. Ẹni tó wá láti Òṣogbo kó wo Oyo Prof àti Oshun Div.

Nínú ìwé atọ́ka, àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ óò máa fojú wá ni "recruitment", "ex-servicemen", "petition", àti "remittance" tàbí "allotment", ìyẹn owó tí ṣọ́jà ní kí wọ́n máa san fún ìyá tàbí ìyàwó òun nílé. Fáìlì ẹ̀bẹ̀ ló dùn jù. Ìyá tí owó oṣù kò dé ọwọ́ rẹ̀, àwọn tó padà dé láìríṣẹ́, gbogbo wọn kọ̀wé sí Ajẹ́lẹ̀, orúkọ àti nọ́ńbà ṣọ́jà sì máa ń wà nínú irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Ọ̀fà, ẹ má lọ Ìbàdàn lásán. Ìlọrin, Ọ̀fà, Ìgbómìnà àti Kàbà wà lábẹ́ Àríwá nígbà náà. Kàdúná ni ìwé wọn wà.

Akọ̀wé_Orúkọ:
Ẹ jẹ́ kí n dá sí ọ̀rọ̀ orúkọ, torí ibẹ̀ ni okùn ti ń já jù.

Orúkọ kan ṣoṣo àti ìlú ni akọ̀wé ogun sábà máa ń kọ: Lawani Ibadan, Ojo Ilorin, Bakare Oyo. Ìlú di orúkọ bàbá. Ìdílé tó ń wá orúkọ ìdílé òde òní kò ní rí nǹkan kan. Ẹ kọ gbogbo orúkọ tí bàbá jẹ́ sórí ìwé: àbísọ, oríkì, orúkọ Mùsùlùmí tàbí ti ìjọ, ìnagijẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ gbogbo ọ̀nà tí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá lè gbà kọ wọ́n. Ṣ á di "sh" tàbí "s". Òṣogbo á di Oshogbo. Ayinla lè di Ainla tàbí Yinla. Raji, Raje. Sàlámì lè di Salam. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi ìlú dípò orúkọ ìdílé: "Ayinla Oshogbo".

Nọ́ńbà ṣọ́jà ṣe pàtàkì ju orúkọ lọ. Ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú NA, ti Gold Coast (Ghana lónìí) pẹ̀lú GC. Bí ẹ bá rí NA àti nọ́ńbà lára ìwé, àpótí, ìgbànú tàbí síbí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́gán, kódà bí nọ́ńbà kan bá ti pa rẹ́.

Ojú ìwé Commonwealth War Graves Commission, àjọ tó ń tọ́jú sàárè àwọn ọmọ ogun, lórí ayélujára jẹ́ ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó kú láàárín 3 oṣù Kẹsàn-án 1939 sí 31 oṣù Kejìlá 1947 nìkan ló wà níbẹ̀. Bàbá yín padà wá, ẹ kò ní rí i. Ó ṣì wúlò: ẹ kọ Oshogbo sí àyè orúkọ ìdílé, kí ẹ wo bí wọ́n ṣe kọ orúkọ àwọn ọmọ ìlú yín tí kò padà. Púpọ̀ nínú wọn kò ní sàárè. Orúkọ wọn wà lára òpó Rangoon Memorial ní Taukkyan, ìhà àríwá Yangon, níbi tí orúkọ bí 27,000 wà. Bẹ́ ẹ bá rí ojúlé kan tó ń wá ẹni rẹ̀, ẹ sọ fún wọn.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà:
Gbogbo yín ń sọ bàtálíọ̀nù bí ẹni pé gbogbo ṣọ́jà ló gbé ìbọn. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó kàwé díẹ̀ ni wọ́n kó sí ẹ̀ka ìwòsàn, awakọ̀, ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀, akọ̀wé, káfíńtà. Bí ẹ bá rí "West African Army Medical Corps", "West African Army Service Corps" tàbí "West African Engineers", bàtálíọ̀nù kọ́ ni ẹ óò wá ní Kew, orúkọ ẹ̀ka yẹn gan-an ni.

Ẹ má sì rò pé ẹ̀yìn ogun ni wọ́n wà. Isaac Fadoyebo, ọmọ Emùré-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, òṣìṣẹ́ ìwòsàn ni ní 29 Casualty Clearing Station, ibùdó ìtọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́. Àwọn Japan ká wọn mọ́ etí odò Kaladan ní Arakan ní oṣù Kẹta 1944, ìbọn fọ́ egungun itan rẹ̀. Òun àti David Kargbo ọmọ Sierra Leone ni wọ́n fi pamọ́ sínú igbó fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án; Mùsùlùmí ará abúlé ibẹ̀ ló ń gbé oúnjẹ fún wọn títí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi dé ní oṣù Kejìlá. Ọdún 2012 ni bàbá yẹn tó kú.

Àdùkẹ́ Ìjẹ̀bú:
Kí ni kí èèyàn béèrè lọ́wọ́ opó tàbí ọmọ àgbà tó gbọ́ ìtàn lẹ́nu bàbá? Wọ́n sábà máa ń sọ pé kò sọ nǹkan kan.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà:
Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ṣé ó pààyàn?". Ìbéèrè yẹn ló ń ti ilẹ̀kùn. Ẹ béèrè ohun tí ara ń rántí.

Ẹ béèrè oògùn. Mepacrine ni wọ́n ń lò lójoojúmọ́ nítorí ibà, ó máa ń sọ awọ ara àti ẹyinjú di yẹ́lò. Ẹlòmíràn sá fún un torí wọ́n ní ó ń pa agbára ọkùnrin. Ibà tó ń padà wá lọ́dọọdún, ìgbẹ́ ọ̀rìn, ojú egbò eṣúṣú ní ẹsẹ̀, etí tó di nítorí ìró ìbọn ńlá: ìdílé máa ń rántí ìwọ̀nyí láìmọ̀ pé ogun ló fà á. Àti oorun. Ẹni tí a kì í fọwọ́ kàn jí, tí wọ́n máa ń dúró lókèèrè pè, ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Ẹ béèrè òjò. Òjò Arakan lè ju mítà mẹ́rin lọ lọ́dún kan, oṣù Karùn-ún ló sì ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé òjò lé àwọn padà láti Kaladan ń sọ nípa 1944.

Sájẹ́ǹtì_Fẹ̀yìntì:
Ẹ fi oúnjẹ kún un. Dìfísọ̀n 81 kò ní ọ̀nà lẹ́yìn rẹ̀. Ojú ọ̀run ni gbogbo nǹkan ti ń wá. Ọkọ̀ òfuurufú Dakota ń ju ọta ìbọn sílẹ̀ pẹ̀lú páráṣúùtì. Ìrẹsì kì í gba páráṣúùtì: àpò inú àpò ni wọ́n ń ṣe é, ti òde á fẹ̀ ju ti inú lọ, kí òde lè gba ìrẹsì dúró nígbà tí ti inú bá bẹ́. Irú àpò yẹn ń pa ẹni tó bá dúró sábẹ́ rẹ̀. Bí bàbá kan bá ń sọ pé "ìrẹsì pa ọ̀rẹ́ wa", àwàdà kọ́.

Kí wọ́n tó débẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi la ọ̀nà jíìpù bíi máìlì 75 láti Chiringa, tó wà ní Bangladesh lónìí, gba orí òkè dé àfonífojì Kaladan. Lẹ́yìn ibi tí ọ̀nà pin sí, orí aláàárù ló kù. Àwọn aláàárù yìí, ṣọ́jà ni wọ́n, wọ́n ní nọ́ńbà NA, wọ́n sì kú bí àwọn tó gbé ìbọn. Àwọn ìdílé kan ń fi í pamọ́ pé "ẹrù ló rù". Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Láìsí wọn, ìbọn ńlá kò ní ọta, aláìsàn kò sì ní ẹni tí yóò gbé e.

Àti èdè: Hausa ni ọ̀pọ̀ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nínú RWAFF. Àṣẹ tàbí orin Hausa tí bàbá ń kọ, ẹ gbà á sórí fóònù kí ẹni tó rántí rẹ̀ tó lọ.

Ìyá Ìwé:
Kí ẹ tó gbé àpótí yẹn kiri: ẹ má fi Brasso nu mẹ́dàlì. Ó ń jẹ ojú irin, lẹ́tà á máa fẹ́lẹ́. Aṣọ gbígbẹ tó rọ̀ ti tó. Ẹ má fọ ríbọ́ọ̀nù, àwọ̀ rẹ̀ ń ṣàn. Bí ìwé bá jáde níbì kan, ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ oní-laminate. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni gbogbo ìwé ẹ̀rí ń lọ nílẹ̀ wa, ṣùgbọ́n iná àti gọ́ọ̀mù rẹ̀ wọ inú ìwé, kò ṣeé yọ mọ́ láìya. Ẹ tẹ́ ẹ sáàárín bébà funfun mímọ́, ẹ fi sínú fáìlì, kí ó jìnnà sí ògiri tó ń mí omi. Ẹ ya fọ́tò tojú tẹ̀yìn, kí rúlà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹni méjì lẹ́yìn odi ilé yín.

Kọ́pùrà_Àdúgbò:
Mo gba ìbáwí. Ẹnì kan fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ san àjẹmọ́nú Bọ́má fún ọmọ-ọmọ, ₦15,000 ni fọ́ọ̀mù. Ṣé kí á kọ̀ ọ́?

Bàbá Mẹ́dàlì:
Ẹ kọ̀ ọ́, kí ẹ sì kìlọ̀ fún ẹni tó fi ránṣẹ́. Àwọn tó wọṣẹ́ nítorí ogun nìkan, owó ìdágbére lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n gbà, kì í ṣe owó ìfẹ̀yìntì tí èèyàn lè jogún. Ìrànlọ́wọ́ tó wà ni ti Royal Commonwealth Ex-Services League, fún ẹni tó sin ọba Gẹ̀ẹ́sì kí ìlú rẹ̀ tó gba òmìnira, àti opó rẹ̀. Ọmọ-ọmọ kò sí níbẹ̀. Ẹ fún opó tó bá ṣì wà láàyè ní àǹfààní láti béèrè nípasẹ̀ ẹgbẹ́ àwọn ṣọ́jà tó ti fẹ̀yìntì ní ìpínlẹ̀ yín, èyí tí wọ́n mọ̀ sí Nigerian Legion. Ẹni tó bá ń gba owó fọ́ọ̀mù, olè ni.

ỌmọÒṣogbo:
Ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á san án fún yín. Mo ti ya fọ́tò náà tóbi: ọ̀kọ̀ méjì tó dábùú ara wọn, òṣùká wà láàárín. Àkọlé ìràwọ̀ kan ni "1939–1945", èkejì "Burma". Ẹ̀yìn fọ́tò ní òǹtẹ̀ aláwọ̀ aró tó ti ń parẹ́, mo rí "…dras" níbẹ̀.

Sájẹ́ǹtì_Fẹ̀yìntì:
Dìfísọ̀n 82 nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ ọmọ ogun ẹsẹ̀, bùrìgéèdì méjì ni ti Nàìjíríà nínú rẹ̀: ti kìíní ní bàtálíọ̀nù 1, 2 àti 3, ti kẹrin ní 5, 9 àti 10. Bàtálíọ̀nù mẹ́fà péré ló kù láti yẹ̀ wò. Àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ ti lọ Ethiopia ní 1941. Bàbá yín kò ní Africa Star, nítorí náà, bí ó bá wà nínú wọn, lẹ́yìn Ethiopia ló wọlé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 5, 9 àti 10, WO 172, ọdún 1945.

Bàbá Mẹ́dàlì:
"…dras" á jẹ́ Madras, ìlú kan ní Íńdíà. Òǹtẹ̀ ilé ayàwòrán nìyẹn. Ẹ gbé fọ́tò náà sábẹ́ iná tó ń ti ẹ̀gbẹ́ wá, kì í ṣe ti òkè, kí ẹ yà á ní dúdú àti funfun, kí ẹ sì fa ìyàtọ̀ òkùnkùn òun ìmọ́lẹ̀ sókè lórí fóònù. Ibi tí yíǹkì ti parẹ́, ojú ibi tí òǹtẹ̀ tẹ̀ wọlé ṣì máa ń hàn. Ẹ wo igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún dáadáa, wọ́n máa ń fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà oníbàárà síbẹ̀, nígbà mìíràn nọ́ńbà NA ẹni náà ni.